Àwìn

Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ni wọ́n ń gbà lẹ́nu ọ̀nà;
ọmọdé, ìdajì.
Màmá mi bèèrè pé èló ni ti arúgbó.
Ọmọkùnrin tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì rẹ́rìn-ín:
"Màmá, wọn ò kọ ti arúgbó síbẹ̀."

Ilé Dọ́káàsì Ọ̀jẹ́léyẹ nìyí, ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun,
ìyá tó fi ogójì ọdún gbẹ̀bí àdúgbò.
Wọ́n ti kùn ún lọ́dà, wọ́n ti pààrọ̀ páànù orí rẹ̀,
wọ́n fi okùn pupa dí ẹnu yàrá kọ̀ọ̀kan
bí ẹni ń lé ewúrẹ́ kúrò nídìí iṣu.
Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ má jókòó síbí.
Ilé tí wọ́n ti ń dùbúlẹ̀, tí wọ́n ti ń ké,
tí wọ́n ti ń ṣẹ́ ọkọ wọn ní èpè,
ó wá di ilé à-fojú-wò.

Ọ̀nàọlápọ̀ ni wọ́n kọ sáyà ọmọkùnrin náà.
Ó ń ké ìtàn bí ọmọ iléekéú:
"Àtùpà rẹ̀ rèé. Síṣọ́ọ̀sì rẹ̀ rèé.
Bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ rèé, ojú fèrèsé ló wà
kí atẹ́gùn odò lè máa fẹ́ sí aboyún."
"Irọ́ ni," ni màmá mi wí.
"Ara ògiri ló wà. Èmi ni mo fẹsẹ̀ ta ògiri ọ̀hún.
Atẹ́gùn wo? Òórùn Ízàl ló kún ibẹ̀,
àti ti ọṣẹ dúdú, àti ti ẹ̀jẹ̀.
Níbo lẹ kó òórùn rẹ̀ sí?"
Ọmọ náà wo ìwé ọwọ́ rẹ̀.

Nínú àpótí gíláàsì ni ìwé orúkọ wà,
ojú ewé kan ṣoṣo ni wọ́n ṣí sílẹ̀:
orúkọ ìyá, wákàtí, akọ tàbí abo,
àti ní ìpẹ̀kun ìlà, owó.
San. San. San. Ó ku sílè mẹ́ta.
Mo ní kí wọ́n bá mi ṣí i dé ọdún tèmi.
Ọ̀nàọlápọ̀ ní kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ọ̀gá,
ọ̀gá sì lọ sí Ẹdẹ.
Mo yíjú. Màmá mi ò sí lẹ́yìn mi mọ́.

Ó ti gba abẹ́ okùn wọlé,
òun tí orúnkún kì í jẹ́ kó tẹ̀ mú ìgbálẹ̀.
Ó ti jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ti bọ́ bàtà,
ó ń tú etí ìborùn rẹ̀.

Nígbà tí mo wà ní kékeré
a kì í gba òpópó yìí lọ sí Ọjà Ọba.
Ẹ̀yìnkùlé àwọn alágbẹ̀dẹ la máa ń bá yọ,
nínú ẹrọ̀fọ̀, láàárín ajá.
Mo rò pé ibẹ̀ ló yá.
Ẹni tó jẹ gbèsè ló mọ ọ̀nà ẹ̀bùrú.

"Náírà méjì àti kọ́bọ̀ mẹ́wàá," ló wí, kò wojú mi.
"Bàbá rẹ wà nídìí ojú irin, wọn ò tíì sanwó oṣù.
Mo ní n ó mú un wá tí a bá ṣe ìkómọ tán.
Ó ní kò burú. Aṣọ tirẹ̀ ló fi wé ọ.
Kò rán ẹnikẹ́ni sí mi rí.
Ká ní ó ránṣẹ́, ǹ bá ti san án."

Àwìn ni mí, ẹ̀yin ará.
Ọdún méjìdínláàádọ́ta ni mo ti ń rìn kiri
tèmi teyín, tèmi torúkọ,
ọjà tí wọn ò tíì sanwó rẹ̀.

Ọ̀nàọlápọ̀ ò lé e dìde.
Ó tú okùn pupa náà ní ìkọ́, ó ká a mọ́ ọwọ́
bí ẹni tí kò mọ ohun tí à ń fi okùn ṣe.

Ẹgbẹ̀rún méjì náírà, ó ti rún, ó gbóná láti ara ìyá mi,
ló kì bọ inú àpótí onígi lẹ́nu ọ̀nà
níbi tí wọ́n kọ "Ẹ ṣeun" sí.
Ó dúró díẹ̀, ó dẹtí,
bí ẹni ń retí ṣéńjì.