Ẹ̀yìnlàárò

Ọdún tí a jà sí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ilẹ̀,
èmi àti Ìyá Bọ̀sún, ní Ìpẹru,
ni mo ra ọmọ ajá kan lọ́nà Ògèrè,
mo sọ ọ́ ní Ẹ̀yìnlàárò.
Gbogbo àdúgbò ló mọ ẹni tí mo ń bá wí.
Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, màá dúró ti ọgbà,
màá ké e: Ẹ̀yìnlàárò! Wá jẹun!
Ajá á sáré wá.
Fèrèsé òdìkejì á sì tì, gbàà.

Ọdún méje. Ó jẹ ìkọ́kọrẹ́ àjẹkù dàgbà,
ó mọ ìró ọ̀kadà Adétutù kó tó yà wọ àdúgbò.
Nígbà tí ọmọ náà ní òun ń lọ sí Kánádà,
ó ní òun ò ní fi ajá sílẹ̀, òun ò ní fi ológìnní sílẹ̀.
Mo rẹ́rìn-ín. N ò mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà.

Wọ́n gbé ajá lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran ní Ṣàgámù.
Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ dìgbòlugi,
wọ́n ki nǹkan kan bọ̀ ọ́ lọ́rùn, kò ju hóró ìrẹsì lọ,
wọ́n ní orúkọ ẹni tó ni ín ló wà nínú rẹ̀.
Mo wo ọrùn ajá títí.
Orúkọ mi kọ́.

Káfíntà Ọ̀gúnlànà wọ̀n ọ́n láti imú dé ìdí ìrù,
ó ní kó dúró, ó ní kó yípo,
ó fi pẹ́ńsùlù há etí, ó mi orí:
"Mo ti kan pósí, mo ti kan ilé adìyẹ;
àpótí tí ẹlẹ́mìí máa wà nínú rẹ̀ fò, àkọ́kọ́ rèé."
Owó ọkọ̀ ajá ju owó ọkọ̀ Adétutù lọ.
Ẹ má bi mí ní iye rẹ̀.

Ìwé ajá dé láàárín oṣù mẹ́ta.
Èmi náà ti kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì.
Wọ́n ní kò dá àwọn lójú pé màá padà wálé.
Wọn ò bi ajá.

Ológìnní, ní tirẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn.
Àpò tí wọ́n rà fún un wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.
Òwúrọ̀ ọjọ́ ìrìnàjò, a wá a, a pè é, a fi orí ẹja bẹ̀ ẹ́.
Mọ́tò kò lè dúró mọ́.
Ìgbà tí iná ẹ̀yìn ọkọ̀ wọ ọ̀nà ńlá tán
ló rọra sọ̀ kalẹ̀ láti òkè àjà,
òwú alántakùn ní irunmú,
ó jókòó sórí àga Adétutù,
ó ń lá ọwọ́ bí ẹni tó ti san owó ilé.

Ọ̀sẹ̀ kejì, ẹnìkan kan ọgbà.
"Ìyá Adétutù, ṣé kò rẹ̀ yín?
N ò gbọ́ ohùn yín láàárọ̀ mọ́."
Mo ní ajá ti lọ.
Ó dákẹ́. Ó ní: "Ajá lọ. Orúkọ ńkọ́?"
N ò rí èsì fọ̀.
Ó na abọ́ gàrí kan sí mi lórí ọgbà,
ó ní ó kúnná, ó ní kíkan rẹ̀ dára.
Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta náà wà lábẹ́ apá rẹ̀.

Lánàá, Adétutù gbé fóònù sókè kí n lè rí yìnyín:
bí ẹni da láfún sí gbogbo ìlú,
ajá láàárín rẹ̀, ó wọ ẹ̀wù!
Ó ní orúkọ rẹ̀ gùn jù fún àwọn ará ibẹ̀,
wọ́n ti gé iwájú rẹ̀ dànù,
Àárò ni wọ́n ń pè é.
Wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ.
Mo sún mọ́ fóònù, mo fi gbogbo ọ̀fun ké e:
Ẹ̀yìnlàárò!

Etí ajá nà. Ó gbóòórùn gíláàsì,
ó yí ọrùn, ó wo ẹ̀yìn.
Láti òdìkejì ọgbà,
Ìyá Bọ̀sún dáhùn:
"Mo gbọ́ o."