Ìgbà Tí Ọwọ́ Ń Kúrò Lára Ẹrù

Ní Sebring, ní Fílórídà,
lórí kọnkéré tí bàálù ogun ń bà lé nígbà kan,
aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti lù,
òórùn òdòdó ọsàn ń gba àárín èéfín táyà kọjá.
Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà bí ẹni tí ń ṣọ́ wàrà lórí iná.
Ìlà pupa ni ẹ́ńjìnnì, ìlà aró ni iná mànàmáná,
iṣẹ́ mi kò ju kí n mọ ibi tí wọ́n ti máa pàdé.

Yadiel ń pariwo nínú rédíò:
"Ó tún tì mí! Ní kọ́nà kẹtàdínlógún, ó tún tì mí!"
Mo dákẹ́. Òótọ́ ló sọ.

Ẹ́ńjìnnì onítọ́bò, alágbára ni, ṣùgbọ́n kì í tètè jí.
Èémí ẹnu ara rẹ̀ ló fi ń fẹ́ iná ara rẹ̀:
bí kò bá tíì mí, kò tíì lágbára,
bí kò bá sì tíì lágbára, kí ni yóò fi mí?
Ẹ tẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀, yóò kọ́kọ́ hanrun.
Ṣùgbọ́n bó bá wá dìde, háà,
ta ni yóò bá a jiyàn lórí títì gbọọrọ?
Iná ní tirẹ̀ kò mọ "dúró ná".
O pè é, ó ti dé. O bojú wẹ̀yìn, bátìrì ti gbẹ.

Nígbà tí bàbá wa ń kọ́lé ní Ìkọ̀lé,
èmi àti Fáróunbí la ń ru búlọ́ọ̀kù láti ẹ̀gbẹ́ títì.
Ẹ̀gbọ́n mi á bẹ̀rẹ̀, èmi á gbé e rù ú.
Bí mo bá tètè yọwọ́, ọrùn rẹ̀ á yẹ̀.
Bí mo bá pẹ́ kí n tó yọ ọ́, èmi náà ni mo ń fà á lulẹ̀,
èmi tí mo ní mo ń ràn án lọ́wọ́.
Ibì kan wà, kò ju ìṣẹ́jú ojú lọ,
tí ẹrù kò sí lọ́wọ́ mi mọ́, tí kò sì tíì sí lórí rẹ̀.
Ibẹ̀ ni mo ti ń jẹun báyìí.
Wọ́n ń sanwó ibẹ̀ fún mi lóṣooṣù.

Àjèjé ọwọ́ kan kò gbérù dórí, a gbọ́.
Ọwọ́ kejì ńkọ́, ìgbà wo ló yẹ kó lọ?

Mo yọ ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá kúrò lọ́wọ́ iná.
Lonnie Prewitt, tó ti ń tú ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó bí mi,
yọjú wo nọ́ńbà náà.
"Ṣé gbogbo iṣẹ́ náà nìyẹn?"
Mo ní gbogbo rẹ̀ nìyẹn.

Yadiel dé kọ́nà. Ó tẹ bíréèkì:
iná bá a sọ ẹrù kalẹ̀, ó sì gba owó ọ̀yà rẹ̀ sínú bátìrì.
Kọnkéré gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì.
Ó tẹná. Iná gbé e. Tọ́bò mí kanlẹ̀.
Pupa àti aró fẹnu kan ara wọn lójú kọ̀ǹpútà.
Rédíò dákẹ́.
Mo ti gbọ́ àtẹ́wọ́ rí, kò dùn tó ìdákẹ́ yẹn.

Ipò karùn-ún la gbà. Kò sẹ́ni tó da ọtí sí wa lára.
Lóru, èmi àti Lonnie ń kó táyà sínú ọkọ̀ àjàgbé.
Ó gbé ọ̀kan lé mi léjìká,
ó dì í mú díẹ̀, ó ń wo ọrùn mi,
lẹ́yìn náà ló yọwọ́.
Kò yá jù. Kò pẹ́ jù.
Mi ò bi í ta ló kọ́ ọ.