Jígí Adéríbigbé

Ní Fleetwood, níbi tí ojú irin tíráàmù ti parí,
tí òkun bẹ̀rẹ̀ láìtọrọ àyè,
àwọn àgbà mọ́kànlá kan wà
tí wọ́n ń ṣèpàdé lókè ṣọ́ọ̀bù alápatà
ní gbogbo alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun.
Ó pẹ́ tí mo ti ń rí wọn.
Àwọn ló máa ń dúró ti bọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà súpámákẹ́ẹ̀tì
nígbà tí òjò bá ń fi ẹ̀gbẹ́ rọ̀.
Àwọn ló kun bẹ́ǹṣì etí òkun ní àwọ̀ ewé,
tí wọn kò rántí kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀dà ṣì tutù;
síkáàtì mi kan ṣì ń jẹ́rìí.

Èmi, iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó.
Tí mo bá ń bọ̀ láàárọ̀, ojú mi a wúwo,
n kì í rí ju ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ mi ń tẹ̀.
Ìyẹn ni kò jẹ́ kí n tètè rí àpótí náà
nílé ìkàwé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń gba ìwé padà:
páálí bísíkíìtì tí wọ́n fi bébà búlúù wé,
tí wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé
ẹni tó bá ní jígí ojú tí kò lò mọ́, kó jù ú síbí.

Wilf Threlfall ló jókòó tì í lọ́jọ́ náà,
apẹja tẹ́lẹ̀, ìka rẹ̀ nípọn bí okùn ìdákọ̀ró.
Á mú jígí kan, á mí èémí sí i,
á fi etí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nù ún,
á gbé e sókè síná bí ẹni ń yẹ ẹyin wò.
"Ta ló máa lò wọ́n?" mo bi í.
Ó gbọn èjìká. "Mi ò mọ̀ wọ́n.
Ọkọ̀ á gbé e lọ síbi tí jígí ti wọ́n.
Mẹ́tàdínlọ́gọ́rin rèé láti oṣù tó kọjá."

Nílé wa, wọ́n máa ń ní ojú ló ń rójú ṣàánú.
Mo dúró, mo ń wo bàbá yìí
tó ń ṣàánú ojú tí kò rí rí.

Mo délé. Mo ṣí dúrọ́ọ̀.
Jígí Adéríbigbé wà níbẹ̀ láti ọdún mẹ́ta,
apá òsì rẹ̀ ni mo fi òwú dì nígbà tó kán,
ipa ìka rẹ̀ ṣì wà lára ojú kan.
Mo gbé e wọ̀. Yàrá di omi.
Bóyá bí ayé ṣe ń rí lójú rẹ̀ nìyí láàárọ̀
kó tó nawọ́ wá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí.
Mo kì í sápò, mo rìn padà.
Mo dé iwájú àpótí, ọwọ́ mi kọ̀.
Wilf kò ní kí n mú un wá.
Ó ní, "Àpótí kì í sáré. Tíì ńkọ́?"

Oṣù méjì ni mo fi mu tíì wọn
kí n tó mọ̀ pé mo ti di ẹnì kejìlá.
Mo mọ ìjà wọn báyìí:
Maureen kò bá Derek sọ̀rọ̀
láti ìgbà tí pọ́n-ùn mẹ́rin ti sọnù nínú owó tíkẹ́ẹ̀tì;
síbẹ̀ àwọn méjèèjì ló jọ gbé fìríìjì gun àtẹ̀gùn
fún ọmọbìnrin kan tó bímọ sínú ilé òfìfo.
Wọn kò sọ nǹkan kan, àfi "òsì," àfi "rọra."

Lálẹ́ àná, a ń di ẹrù tó ń lọ.
Mo fi omi ọṣẹ fọ jígí Adéríbigbé,
mo fọ ojú kan,
mo fi ojú tí ipa ìka wà sílẹ̀.
Maureen rí mi, ó gbójú síbòmíràn.
Nígbà tó yá, mo fọ ìkejì náà.

Ìwọ tí n kò mọ̀, tí o máa fi kàwé:
òwú yẹn lágbára, má já a.
Tó bá ń yọ̀ wálẹ̀ sórí imú rẹ, jẹ́ kó yọ̀,
ibẹ̀ ló máa ń jókòó sí.
Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè ọ́ wá jẹun
kí o tó ka ojú ewé náà tán.
Èmi ni mo máa ń pè é.
Kì í dáhùn.