Ìwọ̀n Yàrá Kan ní Kàlàví

Aago márùn-ún ìdájí, ilẹ̀ Kétu ò tíì mọ́,
ẹsẹ̀ mi ti wà lórí ẹ̀rọ ìránṣọ.
Káákì ọmọ ọlọ́mọ ló kún orí tábìlì,
káákì tó le bí awọ, tó ń ṣẹ́ abẹ́rẹ́.
Ilé ìwé fẹ́ wọlé.
Gbogbo ìyá àdúgbò ní, "Tèmi ni kó o kọ́kọ́ rán, Ìyá Rosíìnì,"
kò sẹ́ni tó ní, "Gba owó rẹ ná."

Mo fi ṣọ́ọ̀kì búlúù ṣírò sí etí tábìlì:
ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lóṣù kan.
Onílé ní oṣù mẹ́fà lòun ń gbà lẹ́ẹ̀kan náà,
ó ní owó iná lọ́tọ̀, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún,
ó ní tó bá fi pé ọ̀sẹ̀ méjì,
òun á gbé kọ́kọ́rọ́ fún ẹlòmíì.
Ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́fà.
Mo pa á rẹ́, mo tún un ṣe,
bóyá ṣọ́ọ̀kì ló ṣìṣe.
Àádọ́fà náà ni.

Agolo mílíìkì abẹ́ bẹ́ẹ̀dì
ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnléláàádọ́rin nínú.
Owó àjọ ti wà níbẹ̀,
owó ewúrẹ́ náà ti wà níbẹ̀,
ewúrẹ́ tí Olúfadé ò tíì torí ẹ̀ bá mi rẹ́rìn-ín.
Laléyè ọkọ mi ń kó àgbàdo lọ sí Ìlárá,
táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ ti dán bí orí bàbá rẹ̀.
Ó ní, "Táyà ni, àbí yàrá?"
Kò gbójú sókè bi mí.
Ìyá rẹ̀ gbọ́ láti inú ilé,
ó ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru òun,
òun lè máa pín hóró kan sí méjì.
Mo ní, "Ẹ má dán an wò o, Màmá."
Lálẹ́ mo ka hóró inú páálí.
Ó ti ń pín in tipẹ́.

Rosíìnì pè lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.
Ó ní yàrá náà dára, afẹ́fẹ́ ń wọlé,
ẹni mẹ́jọ ló ń lo ilé ìwẹ̀, àmọ́ òun á máa tètè jí.
"Ó fẹ̀ tó báwo?"
Ó rẹ́rìn-ín. "Mítà mẹ́ta sí méjì àti ààbọ̀, Maamá.
Ẹ má wọ̀n ọ́n o."

Mo wọ̀n ọ́n.
Mo bọ́ téèpù lọ́rùn, mo kúnlẹ̀ sórí simẹ́ńtì,
mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà mẹ́rin:
bẹ́ẹ̀dì níbí, ìkòkò níbí, ìwé níbí.
Mo wá ibi tí èèyàn á dúró sí kó na apá.
Wọ́n ní ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.
Rosíìnì ga.
Ọdún tó pé mẹ́tàlá,
ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo tú etí káákì rẹ̀ kí ó lè gùn sí i,
mo máa ń fi aṣọ pamọ́ fún un nínú ìṣẹ́po.

Móníìkì wọlé, ó bọ́ bàtà lẹ́nu ìlà,
ó kan ilẹ̀kùn tí kò sí.
"Ẹ káàlẹ́ o, ará ilé."
Ó dùbúlẹ̀ sórí simẹ́ńtì, ó ní,
"Ṣé ẹ̀gbọ́n mi Olúfadé lè sùn síbí pẹ̀lú wa?"
Mo ní kó lọ bi onílé.

Ó ku ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlógójì.
Káákì kan, ẹgbẹ̀rún kan àti ààbọ̀.
Káákì mẹ́rìnlélógún, tí gbogbo ìyá bá san,
tí òwú ò bá já, tí iná ò bá lọ.
Laléyè jókòó tì mí títí di òru,
ó ń fi ìka awakọ̀ rẹ̀ ńláńlá
ṣa bọ́tìnnì sínú àwo,
ó ń kà wọ́n wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni ń ka owó.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ mo gbálẹ̀.
Mo gbá yí ìlà ṣọ́ọ̀kì náà ká.