Ìbọn Tó Ń Jẹun Láti Ìdí

Àwọn ìbọn àtijọ́, ẹnu ni wọ́n fi ń jẹun:
ẹ̀tù ṣáájú, ọta tẹ̀lé e, ọ̀pá gígùn a sì kì wọ́n wọnú.
Ọ̀kan jẹun lẹ́ẹ̀mejì lójú òkun òyìnbó,
kò sẹ́ni tó rántí pé ó ti jẹ.
Ó bẹ́ mọ́ àwọn tó ń bọ́ ọ lára.
Nítorí ìyẹn ni wọ́n ṣe la ìdí irin,
tí wọ́n fi ilẹ̀kùn sí i.

Ìbítóyè, baba tó bí ìyá ìyá mi,
ló máa ń fi ọ̀rá pa ilẹ̀kùn náà
nínú ọkọ̀ ogun tó ń ti Lọ́kọ́ja gòkè odò Ọya.
Ó ní eyín rẹ̀ dà bíi ti ṣúkúrù,
wọ́n gé àwọn kan kúrò láàárín;
yí i díẹ̀ péré, ó ti há.
“Kì í dún bí ilẹ̀kùn ilé ìyá yín.”

Lọ́jọ́ kan wọ́n kọ ojú rẹ̀ sí abúlé kan.
Ó pa ọ̀rá. Ó ti ilẹ̀kùn.
Kò dárúkọ abúlé náà fún wa títí ó fi kú.

Báyìí, ẹ̀yìn ọ́fíìsì etí odò ló wà.
Alángbá ń gba ìdí wọlé, ó ń yọrí lẹ́nu.
Ńdàgí tó ń ra àlòkù irin
ní òun á san owó rẹ̀ ní kílò kílò.
Mo ní kó máa gbé e lọ.

Kó tó dé pẹ̀lú ọkọ̀,
mo ti ọwọ́ bọ ibi tí ilẹ̀kùn ti ń há.
Ọ̀rá ṣì wà níbẹ̀, ó le bí èépá.
Mo fi èékánná ha á,
mo gbóòórùn rẹ̀.