Igbó Tí Kò Ní Igi

Òkúta ni ilẹ̀ wa ní Niufáńdìláńdì.
Igi ibẹ̀ kò ju orúnkún ọkùnrin lọ;
afẹ́fẹ́ òkun ti tẹ gbogbo wọn lórí ba.
Bí ẹnìkan bá ní igbó fẹ́ pa ọmọ níbí,
a ó bi í pé, igbó wo?

Ogójì ọdún ni mo fi tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ apẹja ṣe.
Etí ni mo fi ń rí i:
èyí ń mu omi, èyí ń fi epo ṣòfò,
èyí, bẹ́líìtì rẹ̀ yóò já kí Sátidé tó pé.
Dọ́kásì ìyàwó mi a máa ní
mo mọ ikọ́ ẹ́ńjìnnì ju ikọ́ òun lọ.

Lálẹ́ ọjọ́ tí yìnyín bo ojú fèrèsé,
Liándà, ọmọ ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá,
jókòó sórí àtẹ̀gùn, ìbọ̀sẹ̀ kan lẹ́sẹ̀.
"Baba àgbà, gbé ọwọ́ rẹ síbí."
Mo gbé e.
Gbì-gbì-gbì, gbì,
àlàfo,
gbì-gbì-gbì-gbì,
bí ọkọ̀ tí okùn rẹ̀ já lójú ìjì
tí awakọ̀ sì ti bọ́ sómi.
Ojú rẹ̀ pọ́n bí alákàn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ̀.
Kí lo jẹ? "Súìtì."
Mélòó? "Mẹ́ta. Ọ̀kan ò tètè ṣiṣẹ́."
Ó láwọ̀ ọsàn, ó mọ bí erèé,
igbó ni wọ́n pò mọ́ ṣúgà.
Òfin ní ẹni ọdún mọ́kàndínlógún ni kó rà á;
ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló pé ọdún náà.

Ogún kìlómítà. Mò ń wakọ̀, etí mi wà lẹ́yìn.
Bó bá sọ̀rọ̀, ẹ̀rù bà mí.
Bó bá dákẹ́,
rárá, mi ò ní parí ìyẹn.

Nọ́ọ̀sì Filomínà lẹ wáyà mọ́ ọn láyà.
Bébà ń jáde bí ahọ́n gígùn:
òkè, àfonífojì, òkè, òkè, òkè.
Igba ó dín mẹ́rin ní ìṣẹ́jú kan.
Ó ní, "Ọkàn ọmọdé ṣì ń kọ́ ìrìn,
igbó a sì máa lé e sáré.
Ọ̀pọ̀ a padà sinmi. Àwọn kan kì í sinmi,
a kì í sì í mọ ẹni tó jẹ́
títí di alẹ́ irú èyí."
Liándà ní, "Ṣebí ewé lásán ni?"
Mi ò dá a lóhùn.
Tábà tó pa bàbá mi, ewé lòun náà.

Ní aago mẹ́rin òru,
ẹ́ńjìnnì kékeré náà padà sí ohùn rẹ̀.
Gbì. Gbì. Gbì.
Mo jáde, mo bì sínú yìnyín.

Ó ti di oṣù kẹta. Kò fẹ́ ká sọ ọ́ mọ́.
Ó ń kùn bí mo bá ní kó rọra gun òkè.
Mo ń ṣe bí ẹni tó ti gbàgbé.
Ṣùgbọ́n lóru, bí mo bá ń kọjá lẹ́nu yàrá rẹ̀,
mo máa ń bọ́ bàtà,
mo máa ń gbé etí lé ilẹ̀kùn.

Bí pọ́ńpù ọkọ̀ bá bàjẹ́,
a ó kọ lẹ́tà sí Sẹ́ńtì Jọ́ọ̀nù,
wọn a fi tuntun ránṣẹ́ nínú páálí.
Ti èyí,
mi ò mọ ẹni tí à ń kọ̀wé sí.