Apá Tí Kò Gbọ̀n

Òjò Bergen kì í dá, a ti gbà bẹ́ẹ̀.
Mo nu ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Eivind,
mo gbé ẹ̀rọ mi wọlé bí ẹni gbé ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná.
Mo ní, "Ara rẹ̀ le. Apá rẹ̀ ni kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé mọ́."

Ó tẹ́ aṣọ dúdú sórí tábìlì,
ó to apá mẹ́ta sí i, kò sọ̀rọ̀.
Kábọ́nù ni èkíní, ó fúyẹ́ bí ìyẹ́ ẹyẹ òkun:
mo mí, ó mì.
Èkejì, irin gbọọrọ, ínṣì méjìlá,
ó gùn ju àpótí ẹ̀rọ mi lọ,
bí àga tí a rà láì wọn yàrá.
Ẹ̀kẹta, màá dé orí rẹ̀.

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi jó irin mọ́ irin
níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi ní Laksevåg.
Irin ò lè purọ́ fún mi.
Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó di iná náà mú ti ń gbọ̀n:
bí mo bá ní kí n sọ abẹ́rẹ́ sínú poro àwo,
a ta pọ́n-ún bí ẹ̀fọn lórí omi,
a dá àpá síbi tí kò sí àpá.

Láàárọ̀, Ragnhild ò gbé ojú kúrò lára ìhun rẹ̀:
"Ọ̀kẹ́ méjì króònù torí apá? Àpà ni ọ́, Torleif."
Mi ò jà.
Láti Àjíǹde tó kọjá, ìdajì ife ló ń bu kọfí fún mi.
Kò sọ ìdí. Èmi náà ò bi í.

Eivind fi àwo mi sí i, àwo akọrin ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Voss,
ìyá mi wà ní ìlà kejì.
Lórí kábọ́nù, ohùn mọ́ gaara,
bí ilé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ẹrù kúrò nínú rẹ̀.
Ó wá de apá onígi mọ́ ọn, igi ṣẹ́rì,
ó wọn abẹ́rẹ́, gíráàmù kan àtàbọ̀,
ó yí òǹwọ̀n ẹ̀yìn díẹ̀, ó tún un wọ̀n.
Kí orin tó bẹ̀rẹ̀, bẹ́ǹṣì kan dún,
ẹnì kan fa èémí.
Mi ò ní sọ pé ìyá mi ni.
Obìnrin mọ́kànlá ló dúró níbẹ̀.

Òpá kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òróró ló wà nínú rẹ̀.
O tẹ̀ ẹ́, o yọwọ́,
apá náà a máa sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀
bí yìnyín lọ́jọ́ tí kò sí afẹ́fẹ́,
kò bèèrè irú ọwọ́ tó tẹ òun.
Nígbà tí mo ń dán an wò,
Eivind kọjú sí fèrèsé.

Ó sọ òtítọ́ fún mi: ní ti ìṣirò, kábọ́nù ló dára jù.
Mo ní mo gbọ́. Mo san owó ti igi.
Ohun tí apá mi ò ká mọ́,
mo ra apá tí yóò ká a.

Nínú bọ́ọ̀sì, mo gbé e lé itan,
mò ń ronú ohun tí n óò wí fún Ragnhild.
Bóyá n ò ní wí nǹkan kan.
Kó bu ìdajì ife rẹ̀, kó jókòó,
kí abẹ́rẹ́ máa sọ̀ bọ̀.